Lẹ́tà Tí Ẹ Kò Tíì Ṣí: Àyẹ̀wò Prostate àti Ìwádìí Tí Kò Mọ̀ Wá

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin ọmọ ìlú wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín, mo sì fi díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọkùnrin, mo sì mọ̀ pé bí obìnrin bá dìde sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn bàbá, ojú a máa ti tọ̀tún tòsì. Mo tọrọ àforíjì ṣáájú. Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa pe àwọn ènìyàn wá sínú ìwádìí ìṣègùn, kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kí n sì gba ìwé ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà. Ẹni tí kò bá gbà, n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ tó wà níwájú mi máa ń jọ orúkọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà, Bàbá Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Wọ́n fi òrí para, wọ́n mu àgbo, wọ́n lo oògùn ara ríro láti kẹ́míìsì. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́ ni wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá. Jẹjẹrẹ prostate ni, ó sì ti wọ egungun ẹ̀yìn. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Mo ti ka àìsàn yẹn nínú ìwé, mo tilẹ̀ ti fi ṣe ìdánwò, mo sì yege. Síbẹ̀, èmi náà bá wọn fi òrí pa ẹ̀yìn yẹn.

Kókó kékeré kan ni prostate, bí èso àwúsá ló ṣe tó. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, àárín rẹ̀ sì ni ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, kókó yìí a máa tóbi, a máa há ọ̀nà ìtọ̀ mọ́, ènìyàn á sì máa jí lóru. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìta kókó náà ló sábà máa ń wà, níbi tí kò ti ní di ọ̀nà ìtọ̀ lọ́wọ́. Kì í dunni, kì í sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ní òun ń dúró de àmì kó tó lọ, ohun tí kò ní tètè dé ló ń dúró dè.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ ni jẹjẹrẹ yìí máa ń mú láyé rẹ̀. Láàárín ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni. Tí a bá sì wo àwọn tó máa ń pa, ẹnì kan nínú mẹ́rìnlélógún ni láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ẹnì kan nínú méjìlá láàárín tiwa. Ẹ wo tábìlì tí ẹ jókòó sí.

Ohun tí ẹ ó bi mí ni pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìjọba kò kàn pe gbogbo ọkùnrin wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Wọ́n ń pe àwọn ìyàwó yín fún àyẹ̀wò ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n ń fi ike kékeré ránṣẹ́ sílé fún àyẹ̀wò ìgbẹ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì sí bí n ó ṣe dáhùn rẹ̀ láìsọ bí ìwádìí ṣe ń rí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà ni wọ́n ń pè ní PSA. Ohun kan tí prostate ń ṣe jáde ni wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè má jẹ́ ẹ. Nínú ọkùnrin mẹ́rin tí PSA wọn ga, bí mẹ́ta ni kò ní jẹjẹrẹ kankan. Nínú méje tí tiwọn kò ga, ó lè rí bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan ní in. Bí ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ ológere fún wákàtí mélòó kan, ó lè gbé e ga. Bó bá sun ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú, ó lè gbé e ga pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń béèrè. Ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì tó bá bi yín.

Ohun kejì ṣòro láti gbà, ó ṣòro fún èmi náà. Àwọn jẹjẹrẹ prostate kan wà tí kò ní pa ènìyàn láéláé. Ẹni tó gbé e rìn á kú ikú àgbà láìmọ̀ pé ó wà lára òun. Bí a bá wá a kàn, tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára, agbára ọkùnrin rẹ̀ sì lè lọ, nítorí ohun tí ì bá má yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ti jókòó ti irú wọn. Ọ̀rọ̀ tó ń bani nínú jẹ́ ni, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín kí ẹ baà lè gbà láti wá.

Ohun kẹta ló máa ń tan àwọn dókítà pàápàá. Ẹ jẹ́ ká ní Táyé àti Kẹ́hìndé ní àrùn kan náà. Táyé lọ yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n rí i lára rẹ̀ ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Kẹ́hìndé kò lọ, ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n tó rí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì wá kú ní ọmọ àádọ́rin ọdún. Bí ẹ bá kà á nínú ìwé ilé ìwòsàn, Táyé fi àrùn náà gbé ọdún mẹ́wàá, Kẹ́hìndé ọdún mẹ́ta. Ẹ ó ní àyẹ̀wò ṣiṣẹ́ gan-an ni! Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan kò kún ẹ̀mí Táyé. Ọdún méje ìpayà ló kún un.

Nítorí náà, kò tó kí a ka àwọn tó wá fúnra wọn. Ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, òun náà ni kì í mu sìgá, òun ló ń lo oògùn ìfúnpá rẹ̀ déédéé. Ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀. Ní New York, ní 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àkọ́kọ́ irú èyí lórí jẹjẹrẹ ọmú, nǹkan bí 62,000 obìnrin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n pè tí wọn kò wá ń kú ju àwọn tó wá lọ, kódà nípa àwọn àìsàn tí kò kan ọmú rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà láti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tàn yìí ni kí a ṣẹ́ kèké. Kèké ni yóò pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì: a pe apá kan, a fi apá kejì sílẹ̀ sínú ìtọ́jú tí gbogbo ìlú ń gbà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a ka òkú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le létí, ṣùgbọ́n bó ti rí nìyẹn.

Ibi tí mò ń bọ̀ nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi mú un. Nínú ìṣirò yẹn, ẹni tí kèké mú pé kí a pè, inú àwọn tí a pè ló wà títí láé. Bó wá, bí kò wá, bó ju lẹ́tà náà sínú ike ìdọ̀tí, orúkọ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ̀tàn tí a fi kèké lé jáde tún ti wọlé padà nìyẹn. Ẹni tí kò wá ń dáhùn ìbéèrè náà bí ẹni tó wá ṣe ń dáhùn rẹ̀.

Ẹ wo èyí tó tóbi jù ní ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní CAP. Iléeṣẹ́ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, 573 ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin tó lé ní 400,000, láti àádọ́ta ọdún sí mọ́kàndínláàádọ́rin. Wọ́n pe àwọn kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n wá fún PSA, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Nígbà tí èsì ọdún mẹ́wàá jáde ní 2018, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú nínú iye tí jẹjẹrẹ prostate pa. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé àyẹ̀wò kò wúlò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí wọ́n pè, 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣe àyẹ̀wò náà! Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní 2024, ìyàtọ̀ kékeré yọ: nínú ẹgbẹ̀rún ọkùnrin, bí méje ló kú nínú àwọn tí wọ́n pè, bí mẹ́jọ nínú àwọn tí wọn kò pè.

Bákan náà ló rí nínú ìwádìí kan lórí ìfun ńlá tí wọ́n ṣe ní Poland, Norway àti Sweden. Wọ́n pe nǹkan bí 28,000 ènìyàn kí wọ́n wá kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìfun wọn, 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n pè, jẹjẹrẹ ìfun dín kù ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ṣírò bí ì bá ṣe rí ká ní gbogbo wọn wá, ó di ìdá 31. Inú àga tó ṣófo ni ìyókù wà.

Èyí tó pẹ́ jù lọ lórí prostate ni ti Yúróòpù, tí Sweden, Finland, Netherlands àti àwọn mìíràn jọ ṣe láti ìgbà bíi 1993. Èsì ọdún mẹ́tàlélógún rẹ̀ jáde ní 2025. Ikú jẹjẹrẹ prostate fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n pè. Kí ẹnì kan tó bọ́ lọ́wọ́ ikú yẹn, ọkùnrin 456 ni wọ́n ní láti pè, àwọn méjìlá mìíràn sì ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn. Ṣé ó tó? Èmi ní ó tó, bí a bá ti mọ bí a ṣe lè fi èyí tí kò léwu sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. A sì ti ń mọ̀ ọ́n. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ProtecT fi kèké pín ọkùnrin 1,643 tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àwọn kan, àwọn ìyókù ni wọ́n kàn ń ṣọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, márùndínláàádọ́ta péré ni jẹjẹrẹ náà pa nínú gbogbo wọn, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Lónìí, wọ́n tún lè fi MRI ya àwòrán prostate kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kàn án, ìyẹn sì ti dín wàhálà kù gan-an.

Ìròyìn ayọ̀ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ọkùnrin 1,643 yẹn? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó dára kí wọ́n kàn máa ṣọ́ tèmi?", ohun tí mo ní láti fi dá a lóhùn, ara ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí irú àyẹ̀wò báyìí gbé àbá rẹ̀ síta. Wọ́n gbà kí a máa pe àwọn ọkùnrin tó jogún àléébù BRCA, èyí tó máa ń mú kí jẹjẹrẹ tètè mú ènìyàn, ní ọdún méjì méjì. Ní ti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, wọn kò gbà á. Àwọn náà mọ̀ pé ó ń pa wá jù. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rí tó wà lórí wa kò tó láti fi mọ̀ bóyá àyẹ̀wò náà yóò ṣe wá lóore ju bí yóò ṣe pa wá lára lọ. Mo ka àbá yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó jáde, n kò sì rí oorun sùn. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò rí ibi tí mo ti lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń sá. Ẹ má rò pé n kò mọ̀ ọ́n. Ní Macon County, ní Alabama, láti 1932 di 1972, ìjọba Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jọ, 399 nínú wọn ní àrùn syphilis, tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni. Wọ́n sọ fún wọn pé àwọn ń tọ́jú wọn. Wọn kò tọ́jú wọn. Nígbà tí penicillin dé, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń wo àrùn náà, wọ́n fi í dù wọ́n. Àwọn ọkùnrin náà kú, àwọn ìyàwó kó o, wọ́n bí àwọn ọmọ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú wà nínú iṣẹ́ yẹn o. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gbé fóònù. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè ogún, n ó dáhùn ogún. Ìwé àlàyé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ewu tó wà ńbẹ̀, ẹni tí yóò rí orúkọ yín, àti pé ẹ lè kúrò nígbàkígbà láìsọ ìdí, tí ìtọ́jú yín kò sì ní yẹ̀. Bí ẹyọ kan bá kù nínú wọn, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́ ló ń lé yín sá. Àwa tí a ń ṣe ìwádìí náà ní ẹ̀bi. Nígbà kan, wọ́n pe àwọn bàbá mélòó kan jókòó kí wọ́n bá wa wo lẹ́tà ìpè kan kí a tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó tì í fún oṣù púpọ̀. Bàbá kan gbé àpòòwé rẹ̀ sókè, aláwọ̀ pákó bíi ti owó orí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, irú èyí, orí fìríìjì la máa ń kó o sí." Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn tó rò ó rí. A pààrọ̀ àpòòwé. Ohun tí mò ń pè ní kí aláìsàn kópa nìyẹn: kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá ìbéèrè náà sílẹ̀, kó tó di pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní Los Angeles, dókítà kan, Ronald Victor, rò ó pé bí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò bá wá sí ilé ìwòsàn, kí ilé ìwòsàn lọ bá a níbi tó ń jókòó sí. Ó gba ṣọ́ọ̀bù agẹrun lọ. Ṣọ́ọ̀bù méjìléláàádọ́ta, ọkùnrin 319 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan, apòògùn ń wá bá wọn níbẹ̀, ó ń wọn ìfúnpá wọn, ó sì ń fún wọn lóògùn. Ní àwọn tó kù, agẹrun kàn ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n lọ rí dókítà ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá wọn fi 27 wálẹ̀ níbi tí apòògùn ti ń wá, ó sì fi bíi 9 wálẹ̀ níbi tí kò ti sí. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 2018, ọdún yẹn náà ni dókítà ọ̀hún kú. Bí mo bá ń kọjá ní Rye Lane, ní Peckham, tí mo rí bí ẹ ṣe kún ṣọ́ọ̀bù agẹrun lọ́jọ́ Sátidé, iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tuntun tó wà nílẹ̀ báyìí ni ìwádìí TRANSFORM. Prostate Cancer UK, àjọ aláàánú tó ń rí sí jẹjẹrẹ prostate, àti ìjọba ló ń náwó sí i, £42 mílíọ̀nù. Ó lè dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin 300,000. Ọ̀nà àyẹ̀wò oríṣiríṣi ni wọ́n fẹ́ fi wéra: PSA, MRI kíákíá, àyẹ̀wò itọ́ ẹnu fún ohun tí ènìyàn jogún. Ọmọ àádọ́ta ọdún sí mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n ń pè, ṣùgbọ́n tiwa bẹ̀rẹ̀ láti márùndínláàádọ́ta. Wọ́n sì ti pinnu pé, ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n máa pè gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nínú ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wá. Nítorí náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kún iye wa ni. Bí a bá gba lẹ́tà yẹn tí a kò ṣí i, ẹ ti mọ inú ìṣirò tí orúkọ wa yóò wà.

Mo dúró níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n kan ní, "Bí kèké bá wá gbé mi sí apá tí wọn kò ní yẹ̀ wò ńkọ́?" Mo ní kò sí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún lè béèrè PSA lọ́wọ́ GP rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, Prostate Cancer UK sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí tiwa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti márùndínláàádọ́ta. Mo sì sọ òdì kejì rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú: ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan, PLCO, wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wá rí i pé nínú àwọn tí wọ́n ní kí a fi sílẹ̀, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti lọ ṣe PSA fúnra wọn. Àyẹ̀wò àti àyẹ̀wò ni wọ́n ń fi wéra.

Bàbá kan tó ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ dìde, wọ́n ní ó ti yé àwọn, kí n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀ fún TRANSFORM lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, wọn kì í gba ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Inú ìwé GP ni wọ́n ti ń mú orúkọ, lẹ́tà á sì wá bá yín nílé." Mo wá bi wọ́n pé ṣé àdírẹ́sì wọn lọ́dọ̀ GP ṣì tọ̀nà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti kó kúrò nílé tó wà nínú ìwé yẹn láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń pín ìrẹsì, a fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú fóònù wọn, a ń tún un ṣe, àwọn mẹ́ta mìíràn sì ti tò sẹ́yìn wọn.